Dooky Chase ní New Orleans: ìkòkò tí Màmá Leah fi sílẹ̀

Bí ẹ bá jókòó nílé oúnjẹ Dooky Chase, tó wà lójúlé 2301, Orleans Avenue, ní ìlú New Orleans ní ìpínlẹ̀ Louisiana, Amẹ́ríkà, ẹ má ṣe da ata olómi inú ìgò sí gumbo, ọbẹ̀ ẹran àti edé wọn, kí ẹ tó tọ́ ọ wò. Barack Obama dán an wò nígbà tó ń du ipò ààrẹ Amẹ́ríkà. Màmá Leah Chase, olórí alásè ibẹ̀, kò wo ti ipò tó ń du, wọ́n bá a wí bí ìyá ṣe ń bá ọmọ wí. Alásè wo ni irú ìyẹn kò ní bí nínú? Ọbẹ̀ tí èèyàn ti dúró tì láti àárọ̀, kí àlejò wá máa tún un sè lórí tábìlì kó tó fẹnu kàn án!

Màmá Leah jáde láyé ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2019, lẹ́ni ọdún 96. Wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń wọ ilé ìdáná yẹn. Ẹbí wọn ṣì ń dáná níbẹ̀, Edgar Chase kẹrin, ọmọ ọmọ wọn, wà lára àwọn tó di ìgbákọ mú. Ẹni tó bá fẹ́ lọ jẹun níbẹ̀ ní ohun kan láti mọ̀ ṣáájú: oúnjẹ tó dáa jù lọ níbẹ̀ kì í ṣe èyí tí orúkọ rẹ̀ le jù lẹ́nu. Màmá fúnra wọn fara gbá a kí ó tó yé wọn.

Ọdún 1941 ni Edgar Chase àgbà, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Dooky, àti Emily ìyàwó rẹ̀ ṣí ibẹ̀. Búrẹ́dì gígùn tí wọ́n là, tí wọ́n ki oyster (ẹran inú ìkarahun òkun) tàbí ẹja díndín bọ̀ láàárín, ni wọ́n ń tà, pẹ̀lú ọtí àti tíkẹ́ẹ̀tì lọ́tìrì. Emily tún máa ń bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ ṣẹ́ẹ̀kì wọn di owó lọ́jọ́ Jímọ̀, torí pé báńkì kì í ṣe ibi tí aláwọ̀ dúdú lè dédé wọ̀ nígbà náà. Ẹni tó bá gba owó tán á ra búrẹ́dì, á mu ọtí díẹ̀, á forí lé ilé. Òwò tó lérè ni, ṣùgbọ́n kò sí aṣọ lórí tábìlì.

Leah Lange ni wọ́n ń jẹ́ kí wọ́n tó wọlé ọkọ. Ọjọ́ kẹfà oṣù kìíní ọdún 1923 ni wọ́n bí wọn, Madisonville ní òdìkejì adágún Pontchartrain ni wọ́n sì dàgbà sí, níbi tí wọ́n ti ń já strawberry, tí wọ́n sì ń gbin ẹ̀fọ́. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ girama ti ìjọ Àgùdà fún ọmọ aláwọ̀ dúdú níbẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi rán wọn lọ sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí ní New Orleans, tí wọ́n sì kàwé ní St. Mary's Academy. Lẹ́yìn náà, wọ́n rí iṣẹ́ agbáwo ní ilé oúnjẹ òyìnbó kan ní French Quarter, àdúgbò àtijọ́ ìlú náà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí bí wọ́n ṣe ń to fọ́ọ̀kì, bí agbáwo ṣe ń dúró, bí àlejò ṣe ń fara balẹ̀ jẹun, nínú yàrá tí òfin kò ti gbà kí ẹni tó láwọ̀ bíi tiwọn fìdí kan àga. Nígbà tí wọ́n fẹ́ Edgar kékeré ní 1946, ọmọ Dooky tó jẹ́ afunfèrè jáàsì tó sì ní ẹgbẹ́ olórin tirẹ̀, wọ́n ti pinnu pé irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dé àdúgbò tiwọn náà.

Àwo àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ṣì í. Wọ́n gbé Lobster Thermidor jáde: ẹran edé ńlá tí wọ́n pò mọ́ ọbẹ̀ funfun tó ki, tí wọ́n dá padà sínú èèpo rẹ̀, tí wọ́n sì yan lójú iná. Ohun tí wọ́n rí lọ́dọ̀ òyìnbó ni. Àwọn oníbàárà wò ó títí, wọ́n ní ọmọbìnrin yìí fẹ́ ba òwò àwọn àna rẹ̀ jẹ́. Màmá gbé e kúrò. Aṣọ tábìlì àti agbáwo dúró, ọbẹ̀ ilé sì padà sínú àwo tó dáa: gumbo, ẹ̀wà pupa, adìẹ díndín. Látìgbà náà ni èèyàn dúdú New Orleans ti ní ibi tí wọ́n ti lè jẹ oúnjẹ ìyá wọn bí ẹni ń jẹ àsè.

Oúnjẹ tí orúkọ rẹ̀ dà bíi ti Faransé kò tán pátápátá o. Shrimp Clemenceau wọn ṣì dáa: edé, ọ̀dùnkún gígé wẹ́wẹ́ tí wọ́n ti dín, ẹ̀wà tútù róbótó, olú, aáyù, bọ́tà àti wáìnì díẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ọ̀dùnkún ti pẹ́ nínú bọ́tà kó tó dé iwájú yín, á ti rọ̀, adùn rẹ̀ á sì ti lọ. Ẹ jẹ ẹ́ gbígbóná. Àmọ́ tí ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ fẹ́ lọ, gumbo ni kí ẹ béèrè.

Oríṣi gumbo méjì ló wà níbẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ni gumbo Creole, ti àwọn ọmọ New Orleans tí ìran Áfíríkà àti Yúróòpù dà pọ̀ nínú wọn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè gbà pé inú àwọn èdè Bantu ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, níbi tí wọ́n ti ń pe ilá ní ki-ngombo, ṣùgbọ́n ẹ má retí ilá nínú ti Màmá Leah. Filé ló ń mú un yọ̀, ìyẹn ewé igi sassafras gbígbẹ tí wọ́n gún kúnná, èyí tí àwọn Choctaw tó ni ilẹ̀ náà ti ń lò tipẹ́. Ohun tó wà nínú ìkòkò pọ̀: akàn, edé, oyster, apá adìẹ, ẹran ọmọ màlúù, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí èéfín ti gbẹ, sọ́séèjì oríṣi méjì, ọ̀kan tó gba èéfín, èkejì tútù tó sì ta, tí wọ́n ń pè ní chaurice. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.

Bí wọ́n ṣe ń tò ó wọlé ló ṣe pàtàkì. Ẹran ló ń kọ́kọ́ wọ ìkòkò kó lè sun ọ̀rá rẹ̀ jáde, fùláwà sì ń dín nínú ọ̀rá lọ́tọ̀ títí yóò fi pọ́n. Roux ni wọ́n ń pe fùláwà díndín yìí. Creole kì í jẹ́ kó dúdú bíi ti àwọn Cajun, ìran Faransé tó wà ní ìgbèríko Louisiana, àwọ̀ rẹ̀ kì í kọjá ti ẹ̀pà tí a yan dáadáa. Ìdí wà: bí roux bá ṣe ń dúdú sí i ni agbára tó fi ń mú ọbẹ̀ ki ń dín kù, tó bá sì jóná pẹ́nrẹ́n, kíkorò rẹ̀ á mú gbogbo ìkòkò, kò sí àtúnṣe àfi kí ẹ dà á nù. Edé àti oyster ló ń wọlé kẹ́yìn, ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó. Ẹni tó bá kó wọn sí i látìbẹ̀rẹ̀, rọ́bà ni yóò jẹ.

Filé nìkan ni kì í rí iná. Wọ́n á sọ ìkòkò kalẹ̀ kí wọ́n tó wọ́n ọn sí i, wọ́n á rò ó, wọ́n á dé e. Òdìkejì ilá ni: ilá tó bá hó jù kì í yọ̀ mọ́, filé tó bá hó á máa yọ̀ títí ó fi di okùn lẹ́nu ṣíbí. Bí ẹ bá rí gumbo tó ń fà bíi lẹ́ẹ̀ níbi yòówù kó jẹ́, ẹnì kan ló gbé e padà síná.

Ìrẹsì tó ń bá a wá kéré, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Láàárín ọbẹ̀ ni wọ́n ń gbé e sí, díẹ̀ péré. Ọbẹ̀ ni oúnjẹ, ìrẹsì ló ń tẹ̀ lé e.

Èkejì ni gumbo z'herbes, gumbo ewé, èyí tí àwọn èèyàn ń tìtorí rẹ̀ wọkọ̀ òfuurufú. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń sè é lọ́dún, Ọjọ́bọ̀ Mímọ́, tó ṣáájú Ọdún Àjíǹde. Àgùdà ni Màmá, kì í ṣe àfẹnujẹ́, Àgùdà kì í sì í jẹ ẹran ní Ọjọ́ Ẹtì Mímọ́. Ẹran tí wọn kò ní rí jẹ lọ́jọ́ kejì ni wọ́n ń kó sínú ìkòkò Ọjọ́bọ̀. Iye ewé rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ oye tí kò ṣeé pín sí méjì, márùn-ún, méje, mẹ́sàn-án tàbí mọ́kànlá. Àwọn àgbà ibẹ̀ ní iye ewé inú rẹ̀ ni iye ọ̀rẹ́ tuntun tí èèyàn yóò ní lọ́dún náà. Ti Màmá jẹ́ mẹ́sàn-án: mustard, collard, ewé turnip, ewé bíìtì-rúùtù, ewé kárọ́ọ̀tì, spinach, watercress, kábéèjì àti lẹ́túùsì.

Yorùbá tó bá rí i yóò rò pé ẹ̀fọ́ rírò ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ibi tí wọ́n ti yà síra sì ni omi. Àwa máa ń bọ ẹ̀fọ́, a fún un, a da omi rẹ̀ nù. Omi yẹn gan-an ni ọbẹ̀ tiwọn.

Ẹni tó bá fẹ́ sè é nílé, bí ó ṣe ń lọ rèé. Ìdì kọ̀ọ̀kan ewé méje àkọ́kọ́, ìdajì kábéèjì, ìdajì lẹ́túùsì. Ẹ fọ̀ wọ́n nínú omi púpọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ó kéré tán, kí ẹ máa gbé ewé jáde kúrò nínú omi dípò kí ẹ da omi kúrò lórí rẹ̀, torí iyanrìn ìsàlẹ̀ á padà sí ewé bí ẹ bá dà á. Turnip àti spinach ló ń gbé iyanrìn jù, eyín ẹni tó bá jẹ ẹ́ ló máa sọ ọ́. Ẹ gé wọn, ẹ kó wọn sínú ìkòkò ńlá pẹ̀lú bí ife àlùbọ́sà gígé mẹ́ta, ìdajì ife aáyù, àti omi tó tó lítà mẹ́fà. Kí ó hó fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ pa omi mọ́.

Ẹran oríṣi márùn-ún, ìdajì kílò lọ́kọ̀ọ̀kan: igẹ̀ màlúù, ẹran màlúù lásán, ham, sọ́séèjì eléèéfín, àti chaurice. Mẹ́rin àkọ́kọ́ á wọ ìkòkò ńlá mìíràn, ní gígé tó ṣeé fi ṣíbí bù, pẹ̀lú ife méjì nínú omi ewé, wọ́n á sì máa rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Chaurice lẹ ó dín lọ́tọ̀ kó lè tu ọ̀rá rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi ọ̀rá náà dín ṣíbí fùláwà márùn-ún, ẹ máa rò ó láìdúró fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò ní láti pọ́n. Ẹ dà á sórí ẹran, kí ẹ rò ó dáadáa kí omi tó wọlé, àìṣe bẹ́ẹ̀ ló ń mú un so kókó.

Ẹ lọ ewé tó ti rọ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í: bíléńdà tó bá ṣiṣẹ́ jù á sọ ọ́ di oúnjẹ ọmọ ọwọ́. Kí ó kúnná, àmọ́ kí ahọ́n ṣì mọ̀ pé ewé ni. Ẹ dà á sórí ẹran pẹ̀lú lítà méjì omi ewé, kí ó máa hó jẹ́jẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà, ẹ dá chaurice padà, ẹ fi táìmù àti ata gígún sí i, kí ó tún lo ogójì ìṣẹ́jú. Iyọ̀ kẹ́yìn pátápátá. Ham àti sọ́séèjì ti gbé iyọ̀ wá láti ilé wọn, ẹni tó bá bu iyọ̀ sí i níbẹ̀rẹ̀ ti ba ẹran kílò méjì àbọ̀ jẹ́. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, kí filé ṣíbí kan wá tẹ̀ lé e.

Tí ó bá korò, mustard àti turnip ló pọ̀ jù. Kábéèjì àti lẹ́túùsì tó dà bí ohun tí kò níṣẹ́ nínú ọbẹ̀, àwọn ló ń tù ú. Ẹ má yọ wọ́n.

Nílé oúnjẹ náà, ojú ọbẹ̀ yìí kò wuni, ká má purọ́. Ó dúdú bí omi ẹrẹ̀, ẹran yọ orí níbí àti níbẹ̀. Àmọ́ lẹ́nu, ewé ló máa kọ́kọ́ wọlé, èéfín ẹran á tẹ̀ lé e, ata chaurice á wá dé kẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀. Ọ̀fun tó ti mọ ata rodo yóò rò pé kò sí ata níbẹ̀. Ẹ ní sùúrù dé ṣíbí kẹta. Adìẹ díndín ló máa ń bá a rìn lọ́jọ́ náà, tiwọn sì wà lára èyí tó dáa jù nílùú: èèpo rẹ̀ tín-ín-rín, ó ń ró kẹ́kẹ́, ẹran inú rẹ̀ tutù lómi. Ohun tó máa ń ba adìẹ díndín jẹ́ níbòmíràn ni pé wọ́n á kó o kún agbada lẹ́ẹ̀kan náà, òróró á tutù, fùláwà ara rẹ̀ á mu epo bíi kànìnkànìn. Èèpo gbígbẹ yẹn fi hàn pé àwọn ń dín in díẹ̀díẹ̀.

Ìkìlọ̀ fún Mùsùlùmí àti ẹnikẹ́ni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀: ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú gumbo méjèèjì, ẹ̀wà pupa àti ẹ̀fọ́ Creole kì í sì í sábà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í fojú hàn, ó ti rọ̀ sínú ọbẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ agbáwo kí ẹ tó pàṣẹ oúnjẹ kankan. Kí ẹni tí edé tàbí akàn ń gbòdì lára rẹ̀ náà béèrè, torí omi edé lè wà níbi tí edé kò sí.

Ẹ má jẹun tán kí ẹ máa lọ láìwo ara ògiri. Màmá máa ń gbé iṣẹ́ àwọn ayàwòrán dúdú kọ́ síbi tí wọ́n ti ń jẹun. Elizabeth Catlett àti Jacob Lawrence wà níbẹ̀, John Biggers náà wà, ẹni tó dé Nàìjíríà àti Gáná ní 1957. Gustave Blache kẹta ya Màmá fúnra wọn nínú ilé ìdáná, níbi tí wọ́n ti ń gé elégédé, àwòrán yẹn sì wà ní National Portrait Gallery ní Washington báyìí. Ilé ìdáná ló ti yà wọ́n, kì í ṣe lórí àga ọlọ́lá.

Yàrá òkè ni àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ti ń ṣèpàdé láti àwọn ọdún 1950 wọ ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, dúdú àti funfun lórí tábìlì kan, nígbà tí ìyẹn lòdì sófin Louisiana. Martin Luther King jẹun níbẹ̀, Thurgood Marshall, agbẹjọ́rò àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́, jẹun níbẹ̀, àwọn Freedom Riders ti 1961, tí wọ́n ń wọ bọ́ọ̀sì láti tako ìyàsọ́tọ̀ dúdú àti funfun, gba gumbo níbẹ̀ kí wọ́n tó wọ ọkọ̀. Ọlọ́pàá mọ̀, wọn kò wọlé, torí pé ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn Dooky Chase pa ti bá gbogbo àdúgbò jà. Ní 1965, ẹnì kan ju bọ́ǹbù sí wọn. Wọ́n tún ibẹ̀ ṣe, wọ́n ń ta oúnjẹ lọ.

Omi ìjì líle Katrina ló ti ilẹ̀kùn náà pa, ní oṣù kẹjọ ọdún 2005. Ọmọ ọmọ kan ti kó àwọn àwòrán lọ síbi tí omi kò dé, òun ni wọ́n fi bọ́. Màmá àti Bàbá ń gbé inú ilé tírélà tí ìjọba pín, lódìkejì ọ̀nà sí ilé oúnjẹ wọn. Ní Ọjọ́bọ̀ Mímọ́ ọdún 2006, àwọn alásè yòókù nílùú sè gumbo z'herbes ní French Quarter láti fi ràn wọ́n lọ́wọ́: dọ́là 75 sí 500 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, gálọ́ọ̀nù 50 ọbẹ̀ tán, dọ́là 40,000 sì wọlé. Wọ́n ṣí padà ní 2007. Ilé náà tún mọ́ ju ti àtijọ́ lọ, àwọn kan ní ó ti mọ́ jù.

Ṣé oúnjẹ rẹ̀ ṣì rí bó ṣe rí nígbà tí Màmá wà? Gumbo, bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí kò sí mọ́ ni wọ́n fúnra wọn tí wọ́n ń jáde wá láti ilé ìdáná nínú aṣọ ìdáná aláwọ̀ tó tàn, tí wọ́n ń béèrè tábìlì sí tábìlì bóyá ẹ yó. Àwọn agbáwo ń gbìyànjú, àmọ́ nígbà tí èrò bá pọ̀, oúnjẹ máa ń pẹ́. Ẹni tó ń kánjú lọ sí pápákọ̀ òfuurufú kó wá ibòmíràn.

Fún Ọjọ́bọ̀ Mímọ́, ẹ gba àyè sílẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ ọ̀sẹ̀ ṣáájú. Ìpele ìpele ni wọ́n ń gba àlejò lọ́jọ́ náà, ó sì máa ń kún. Ọjọ́ lásán, ọ̀sán ló dáa jù, ẹ kàn rí i pé ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí kí ẹ tó gbéra, nítorí kì í ṣe ojoojúmọ́. Bí ẹ bá gbé gumbo lọ sílé, kí ìrẹsì wà nínú ike tirẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á ti mu gbogbo omi ọbẹ̀ tán kí ẹ tó délé. Iná kékeré ni kí ẹ fi gbé e gbóná, kí ẹ máa rò ó láti ìsàlẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ kalẹ̀ nígbà tí ooru bá ti ń yọ lójú rẹ̀, kó tó hó, torí filé ti wà nínú rẹ̀.